Àjàní, Ta Ló Ní Kó O Ra Ẹ̀gbẹ́ Ọkọ̀ Kó O Tó Wo Abẹ́ Rẹ̀?

Wá jókòó síbí, Àjàní. Má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rín yẹn ni bàbá rẹ náà máa ń rín tó bá ti ná owó tán kó tó wá bi mí pé báwo ni kí òun ṣe ná an. Wọ́n ní o ti ra páànù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún ẹ̀yìn Hilux tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún ẹ. Wọ́n ní o ti san àsansílẹ̀ fún wẹ́dà, àti pé ọ̀la ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Èmi tí mo ta bọ́dì ọkọ̀ ní Àràrọ̀mí, ní Géètì, títí orúnkún mi fi ní kí n lọ sinmi nílé, ẹnu ọmọ tó ń ta píọ́ wọ́tà ni mo ti gbọ́ pé ọmọ bọ̀dá mi wá ra bọ́dì lọ́jà mi. Ṣé mo ti kú ni?

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má bínú." Mo gbọ́. O ní o ò fẹ́ yọ mí lẹ́nu. Èwo ni ìyọlẹ́nu nínú kéèyàn tẹ̀ mí láago? Nígbà tí o fẹ́ fẹ́yàwó, mélòó nínú ẹbí ìyàwó rẹ ni mi ò bẹ̀? Páànù ọkọ̀ ló wá di ohun tí wàá dá ṣe.

Ó dáa, gbé wọn wá kí n rí wọn. Èyí tọ̀tún dára. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọ, ẹni tó tà á fún ẹ ò rẹ́ ẹ jẹ. Ojúlówó ni, ìlà tó gba àárín rẹ̀ kọjá bá ti ọkọ̀ rẹ mu, kò sì síbi tí wọ́n ti fi òòlù lù ú rí. Tòsì ńkọ́? Gbé e dúró ti ìkejì rẹ̀. Kí lo rí? Ó kúrú! Ara dọ́bù kábíìnì ni wọ́n ti gé e. Ọkọ̀ tó bá ní yàrá ìjókòó méjì, ẹ̀yìn rẹ̀ á kúrú, kí gbogbo ọkọ̀ má bàa gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ti bàbá rẹ, yàrá kan ló ní, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn gbọọrọ. O fojú wọ̀n ọ́n ni, àbí? Owó àwọn tó ń fojú wọn nǹkan ni a fi kọ́lé ní Géètì o. Ẹni tó bá mú téèpù lọ́wọ́ wọjà, a kì í rí nǹkan kan jẹ lára rẹ̀.

Àní, irú Hilux tó jáde ní 1988 ni tìrẹ, èyí tí òmíràn wá rọ́pò ní 1997. Láti 1968 ni Toyota ti ń fi orúkọ Hilux pe píkọ́ọ̀pù wọn, gbogbo wọn ló sì jọra lójú ẹni tí kò bá tà wọ́n rí. Ìlà ara wọn ò bára mu, iná ẹ̀yìn wọn ò bára mu. Kódà, àwọn tí wọ́n jọ jáde lọ́dún kan náà ṣì lè yàtọ̀. Òmíràn wà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ páànù ẹyọ kan, tí ìkọ́ okùn yí i ká lóde. Òmíràn ní páànù ìta, ó tún ní páànù inú. Oníméjì ni tìrẹ. Fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ṣé o rò pé mo ní kó o má pààrọ̀ rẹ̀ ni? Họ̀wù! Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bọ́lẹ̀kájà la wọ̀ lọ sóko, lọ sọ́jà. Orí àti ṣáàsí ni ọkọ̀ Bedford tí wọ́n fi ń ṣe é máa ń ní tó bá dé láti òkè òkun. Àwọn káfíńtà wa ló ń kan gbogbo ara rẹ̀, láti orí bẹ́ǹṣì tí èrò ń jókòó lé dé òrùlé, kí ayàwòrán tó wá kọ ohun tí ọlọ́kọ̀ bá fẹ́ sí i níwájú. Pákó kan lè jẹrà, wọn á yọ ọ́, wọn á kan òmíràn. Ọdún mẹ́wàá kọjá, ọkọ̀ ò ní pákó kan ṣoṣo tó bá a dáyé mọ́, ọkọ̀ yẹn náà ṣì ni, orúkọ tí a ń pè é náà ṣì ni. Nítorí náà, má sọ fún mi pé o fẹ́ dáàbò bo ohun ìrántí bàbá rẹ. Páànù kì í ṣe bàbá rẹ. Mo mọ bọ̀dá mi. Tó bá wà láyé, á ti yọ páànù yẹn dànù tipẹ́, á tún ti bínú sí ẹ pé o jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí.

Ṣùgbọ́n káfíńtà bọ́lẹ̀kájà, kó tó kan pákó tuntun, á kọ́kọ́ wo abẹ́. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti wo abẹ́? O wo ibi tí ìdógùn-ún ti jẹ etí táyà, o rí ihò tó gba àtàǹpàkò, o ní, "Ẹ̀gbẹ́ ló bàjẹ́." Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ, ọmọ mi.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ fún ẹ. Ọkọ̀ yẹn ti ru iṣu láti Ṣakí. Ó ti ru ajílẹ̀ oníyẹ̀fun lọ sóko. Ó ti ru ẹ̀gẹ́ rírọ̀ tí omi rẹ̀ ń kán sílẹ̀ lójú ọ̀nà, omi kíkan tó ń jẹ irin. Ajílẹ̀ náà, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tí yanrìn àti ìdọ̀tí bá wá gba etí pẹpẹ tí a ń kó ẹrù lé wọ àárín páànù méjèèjì, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lọ, wọn á dí àwọn ihò kéékèèké tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi sílẹ̀ kí omi lè máa bọ́ síta. Omi ò ríbi jáde mọ́. Kò sí oòrùn níbẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́. Látinú ni irin ti ń jẹ wá síta. Kí ọ̀dà ìta tó wú, kó tó ní ihò tí o fi ìka bọ̀, inú ti lọ tipẹ́. Wo ibi mẹ́ta fún mi: ibi tí páànù ìta ti yí ká táyà, ìsàlẹ̀ ògiri iwájú tó kọjú sí kábíìnì, àti orígun méjèèjì lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mú ìkọ́ irin kan dání, máa fi gún un jẹ́jẹ́. Ibi tó bá jìn wọlé, o ti mọ̀.

Wẹ́dà tó o san owó fún, mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Á gé páànù ìta yípo, á fi etí rẹ̀ tó ti dógùn-ún sílẹ̀, á gbé tuntun lé e lórí, á jó o mọ́ ọn, á wá bu pọ́tì sí i, á fi sáńdípépà fá a títí yóò fi máa dán. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọ̀dà kùn ún tán, wàá máa ya fọ́tò. Bí ìgbà tí èèyàn fi àtíkè bo egbò ni. Irin tó ti ń jẹrà wà lábẹ́, omi á gba àárín méjèèjì, òjò méjì péré, pọ́tì á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Mo ti rí i lára ọkọ̀ tó lé ní ohun tí mo lè kà. Pọ́tì ò níṣẹ́ méjì ju kó dí ibi tí ó tẹ̀ wọlé díẹ̀ lọ. Kì í ṣe irin. Ẹni tó bá bu pọ́tì dí ihò, olè ni mo máa ń pè é, kódà tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ mi.

Nítorí náà, o ò ní gé ohunkóhun lọ́la. Wàá kọ́kọ́ tú gbogbo ẹ̀yìn yẹn sílẹ̀ pátápátá. Má ya ẹnu sí mi. Kò le bó o ṣe rò. Ẹ̀yìn Hilux ò wọnú kábíìnì, bọ́ọ̀tì ni wọ́n fi dè é mọ́ ṣáàsí. Yọ wáyà iná ẹ̀yìn, yọ ẹnu táńkì kúrò lára ẹ̀gbẹ́, yọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó lè fúyẹ́, tú àwọn bọ́ọ̀tì, kó o wá pe ọmọkùnrin mẹ́rin tó jẹun yó. Wọn á gbé e. Bọ́ọ̀tì tó bá kọ̀, má fi ipá yí i títí yóò fi fa irin ṣáàsí ya. Fi ẹ̀rọ fáìlíǹgì gé orí rẹ̀ dànù. Tuntun ni o máa fi dá a padà, ó sì gbọ́dọ̀ le. Wò ó lórí, wàá rí 8.8. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà kankan lórí, ilé ni kí wọ́n fi kàn.

Ìgbà tí ẹ̀yìn bá ti kúrò lórí ọkọ̀ ni wàá tó mọ ohun tó o ní. Ibẹ̀ ni ṣáàsí wà láìbo, pẹ̀lú páìpù bíréèkì àti ibi tí sípíríǹgì so mọ́. Fi òòlù kékeré máa kàn án lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó yè á dún gbangba. Èyí tó ti kú á dún bí ẹni pé kò fẹ́ dá ẹ lóhùn. Tí ṣáàsí bá ti kú, Àjàní, gbé páànù méjèèjì padà fún àwọn tó tà á, ká jọ wá nǹkan mìíràn sọ. Ṣáàsí ni ọkọ̀. Ara rẹ̀ ni nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ọkọ̀ wà, kò sí lára ẹ̀yìn. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2008, Toyota fúnra wọn fa wáráńtì ṣáàsí píkọ́ọ̀pù Tacoma ti 1995 sí 2000 gùn di ọdún 15 nítorí ìdógùn-ún, wọ́n sì ń ra àwọn tí ṣáàsí wọn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe padà lọ́wọ́ oníbàárà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lọ pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé wàá tún mú fídíò yẹn jáde. Top Gear, ètò tẹlifíṣọ̀n nípa ọkọ̀, 2003. Wọ́n jẹ́ kí omi òkun bo Hilux, wọ́n dáná sí i, wọ́n gbé e sórí ilé gogoro, wọ́n wó ilé náà, wọ́n fi irinṣẹ́ lásán tún un ṣe, ó sì ṣiṣẹ́. Ó dáa. Mùsíọ́mù ni wọ́n gbé ọkọ̀ yẹn lọ. Ẹni tó ń wò ó ò ní kó iṣu sí i.

Ọ̀rọ̀ táńkì wá kù. Dákẹ́ ariwo, kó o sì gbé fóònù yẹn kalẹ̀. Abẹ́ ẹ̀yìn yẹn ni táńkì epo wà. Mo ti bá ìyàwó wẹ́dà kan sunkún rí, mi ò ní sọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Epo inú táńkì kọ́ ló ń pààyàn jù, èéfín rẹ̀ ni. Táńkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí èéfín ló kún inú rẹ̀. "A á fi aṣọ tútù bò ó" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà. Kí wọ́n yọ táńkì kúrò lábẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n gbé e lọ jìnnà, kí wọ́n fi nǹkan dí ẹnu páìpù epo. Kí wọ́n yọ orí bátìrì pẹ̀lú, kí iná wẹ́díǹgì má bàa sun ẹ̀rọ tó ń ṣaájì rẹ̀. Tí ẹ bá gbé ẹ̀yìn kúrò lórí ọkọ̀, tí ẹ sì jó o níbòmíràn, ìdajì wàhálà yìí á kúrò fúnra rẹ̀. Ìdí mìíràn tí mo fi ní kó o tú u nìyẹn.

Kí ni wẹ́dà rẹ fi ń jó irin? Gáàsì? Kábáìdì inú dúrọ́ọ̀mù? Mo rò bẹ́ẹ̀. Kábáìdì kan náà tí àwọn aláìbẹ̀rù Ọlọ́run fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, tí NAFDAC ń pariwo lé lórí. Tí wọ́n bá da omi sí i, gáàsì tó ń jáde ni wọ́n ń sun. Ó ń jó irin tó nípọn dáadáa, mi ò ní kó má jó o. Ṣùgbọ́n páànù ọkọ̀ ò ju bíi mìlímítà kan lọ. Iná ńlá yẹn á pẹ́ lójú kan, páànù á ká, á lọ́, á ní òkè àti kòtò, wọn á tún wá bu pọ́tì sí i. Wá ẹni tó ní ẹ̀rọ oníwáyà, MIG. Kó má sì jó o lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan. Kó kàn án níbí díẹ̀, kó kàn án lọ́hùn-ún díẹ̀, kó jẹ́ kó tutù, kó tún padà wá. Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún ìyẹn, kí ó lọ máa ṣe géètì ilé.

Bí wọ́n ṣe máa yọ ti àtijọ́ ńkọ́? Ní ilé iṣẹ́, ojú róbótó róbótó ni wọ́n fi lẹ páànù mọ́ra. Fi wáyà bíróṣì fọ etí rẹ̀ mọ́, wàá rí wọn ní ìlà. Dírìlì ni kí ẹ fi lu ojú kọ̀ọ̀kan, kó gba páànù ìta nìkan kọjá, kó má dé èyí tó wà lábẹ́. Páànù ìta á ṣí wálẹ̀ bí ẹ bá fi nǹkan pẹlẹbẹ yẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá fi ṣíṣẹ́lì àti òòlù gé e, á fa páànù inú ya, wàá wá ra èyí náà. Ihò tí ẹ lu, inú rẹ̀ ni ẹ ó ti jó tuntun mọ́ ọn. Tí páànù tuntun bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi síńkì bò, kí wọ́n fá síńkì kúrò níbi tí iná máa dé, kí ẹni tó ń jó o sì dúró sí ojú afẹ́fẹ́. Èéfín síńkì máa ń mú kí ara gbóná, kéèyàn máa gbọ̀n bí aláìsàn ibà lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn á máa lo oògùn ibà, kò sì sí ẹ̀fọn níbẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí wọ́n tú, kí wọ́n parí rẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìkejì. Mo tún un sọ: ẹ̀gbẹ́ kan. Tí ẹ bá tú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, pẹpẹ á ṣí, á yà gbàgà, kò ní mọ ibi tó ti wá. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ìdábùú láti orígun dé orígun tó kọjú sí i, ní ọ̀nà méjèèjì, kó tó di pé wọ́n jó ohunkóhun mọ́ra. Tí méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ̀yìn yẹn ti wọ́. Kí wọ́n sì gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sípò, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n tì í, nígbà tí gbogbo ẹ̀ ṣì wà lórí ìdè. Ọkọ̀ púpọ̀ ni mo mọ̀ tí wọ́n ṣe ẹ̀gbẹ́ wọn tán tó rẹwà, tó wá di pé okùn ni wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn wọn. Ìwọ náà ti rí wọn ní títì Ìwó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe. Kí wọ́n fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kun inú páànù tuntun kí wọ́n tó tì í, nítorí ọwọ́ ò ní débẹ̀ mọ́ láéláé. Kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ojú ìsopọ̀. Kí wọ́n fi ihò omi sílẹ̀ gbayawu. Ohun mìíràn, kí wọ́n fọ́n ọ́ìlì tó nípọn sí àárín méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́m tí mẹkáníìkì fẹ́ fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́ o. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìn ti lò ní èròjà kíkan nínú tó ń bá irin jà. Lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́! Ìyẹn ló ń kó ẹ sí wàhálà.

Ọ̀dà? Ọ̀dà ò ṣòro. Má kùn ún nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ọ̀rinrin á jẹ́ kó funfun bí ẹfun lójú. Má sì kùn ún nínú ọyẹ́, eruku á fẹ́ wá jókòó sórí rẹ̀. Kí ẹni tó ń fọ́n ọn wọ ìbòmú gidi, kì í ṣe ìnujú. Àwọ̀ wo lo fẹ́? Pupa? Pupa kẹ̀! Àwọ̀ búlúù tó ní nígbà tí bàbá rẹ rà á ló wà nínú ìwé ọkọ̀. Tí o bá pa á dà, lọ tún ìwé ṣe, tàbí kó o máa ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó bá na ọwọ́ sí ẹ lójú pópó láti ibí dé Ìsẹ́yìn. Èmi ò lówó tí mo fẹ́ fi bá ọ bẹ ẹnikẹ́ni.

Tí ó bá wá jẹ́ pé pẹpẹ náà ti lọ, tí páànù inú náà ti lọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́ láti máa lẹ̀ ẹ́. Ra odindi ẹ̀yìn tòkunbọ̀ kan tí ó bá tìrẹ mu, kó o gbé e lé e. Géètì lè ní in. Tí kò bá sí níbẹ̀, Ládipọ̀ á ní in, àbí kí o wo Òwòdé Onírin. Ṣùgbọ́n yí i dojú délẹ̀ kó o tó sanwó. Àwọn tó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, òkè wọn a máa dán bí ọkọ̀ ìyàwó, abẹ́ wọn á ti jẹrà. Gba rìsíìtì, kó o mọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tà á. Ẹ̀yìn tí wọ́n jí gbé ò ní ibì kan tí o lè fi ojú rẹ̀ hàn.

Ti ẹ̀gbẹ́ òsì tó kúrú yìí, mo ti pe ìyá tó ń bójú tó ìlà wa lọ́jà. Ó ní kó o gbé e wá ní òwúrọ̀ ọ̀la, àwọn á fi ti sínǹgù kábíìnì rọ́pò rẹ̀ fún ẹ. Wàá fi díẹ̀ kún un, má bá a jiyàn. Kí o kí i dáadáa, kó o dọ̀bálẹ̀ gidi, kì í ṣe èyí tí ẹ máa ń fi ìka kan ilẹ̀ nísinsìnyí. Wẹ́dà yẹn, sọ fún un pé iṣẹ́ ti yí padà. Tó bá ní òun ò lè dá owó padà, sọ fún un pé Àǹtí rẹ ní kó wá sọ ọ́ níbí.

Àwọn bọ́ọ̀tì abẹ́ yẹn ló kù. Lálẹ́ òní ni kó o ti bu dísẹ̀lì sí gbogbo wọn lórí, kó o tún bu sí wọn lówùúrọ̀, kí wọ́n tó fi sípánà kàn wọ́n. Dìde báyìí. Kóńgò dísẹ̀lì wà lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, má sì fi ọwọ́ rẹ nu ògiri mi bó o bá ń bọ̀.